Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ wá so yìgì òun ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tọkọtaya,

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀rẹ́ yín ní òun kò fẹ́ kí pásítọ̀ tí òun kò mọ̀ rí wá so òun pọ̀ mọ́ àfẹ́sọ́nà òun, ó ní ẹ̀yin lòun fẹ́, ẹ sì ti dáhùn pé ẹ ó ṣe é. Ẹ ti ṣí fóònù, ẹ ti rí ojú ewé tó ní kí ẹ kọ orúkọ àti ímeèlì yín síbẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ ó sì di òjíṣẹ́ Ọlọ́run kí omi tó hó lórí iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró díẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá yín lẹ́kun. Iṣẹ́ tó níyì ni, ẹni tó sì mọ tọkọtaya dáadáa lè ṣe é dé ibi tí àjèjì kò lè ṣe é dé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí bọ́tìnnì yẹn jẹ́ ìkẹta tàbí ìkẹrin nínú ohun tí ẹ ó ṣe, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe àkọ́kọ́.

Oyè òjíṣẹ́ tí ẹ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀. Ohun tí òfin ń wò ni pé tọkọtaya gba láísẹ́ńsì ìgbéyàwó lọ́wọ́ akọ̀wé káúńtì (ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀) tàbí ti ìlú, pé wọ́n dúró níwájú ẹni tí ìpínlẹ̀ náà fún láṣẹ, wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gba ara àwọn, pé àwọn tó yẹ bu ọwọ́ lu ìwé náà, ìwé sì padà sọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé. Ibì kan ṣoṣo tí oyè yín ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni “ẹni tí ìpínlẹ̀ náà fún láṣẹ”. Ìpínlẹ̀ 50 ló wà, Washington, D.C., olú ìlú Amẹ́ríkà, tún wà lẹ́yìn wọn, kálukú ló sì ní bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó kárí gbogbo wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ọ̀rẹ́ yín ni pé: ibo gan-an lẹ ó dúró sí lọ́jọ́ náà? Ẹ má béèrè ibi tí wọ́n ń gbé, ẹ má sì ro ti ibi tí ẹ̀yin ń gbé. Òfin ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín bá tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ló máa ṣiṣẹ́. Tọkọtaya tó ń gbé ní Maryland, tó wá lọ ṣe tiwọn nínú ọgbà kan ní Virginia, òfin Virginia ló mú wọn, láísẹ́ńsì Virginia ló sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Láísẹ́ńsì kì í sọdá ẹnubodè ìpínlẹ̀. Ẹ gba orúkọ káúńtì náà pẹ̀lú, nítorí ọ́fíìsì káúńtì lẹ ó pè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì. Kirby Hensley, oníwàásù kan ní Modesto ní California, ló dá Universal Life Church sílẹ̀, ọdún 1962 ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ni ìjọ náà ń fi joyè òjíṣẹ́, láìbi í ní ohun tó gbà gbọ́. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe é kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ní 1974, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Virginia ní irú oyè bẹ́ẹ̀ kò tó láti fi so yìgì. Ti North Carolina ló wá le jù. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan níbẹ̀ pé ó fẹ́ ìyàwó méjì pọ̀. Bàbá ìyàwó àkọ́kọ́, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó gba ìwé oyè Universal Life Church, ló so ìgbéyàwó àkọ́kọ́ náà. Ní 1980, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà fagi lé ìdálẹ́bi ọkùnrin yìí: wọ́n ní ìgbéyàwó àkọ́kọ́ kò múlẹ̀, nítorí ẹni tó so ó kò láṣẹ. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ, ilé ẹjọ́ sì sọ pé kò so nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣòfin tó fìdí ìgbéyàwó tí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ náà ti so ṣáájú ọjọ́ 3 oṣù Keje 1981 múlẹ̀, àfi èyí tí kóòtù bá ti fagi lé.

Ibòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1988, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Mississippi gba irú òjíṣẹ́ yìí wọlé. Utah ṣòfin lòdì sí i ní 2001, kóòtù ìjọba àpapọ̀ sì wọ́gi lé òfin náà ní 2002. Ní Pennsylvania, adájọ́ káúńtì York ní 2007 sọ pé ìgbéyàwó kan kò múlẹ̀ nítorí pé ẹni tó so ó kò ní ìjọ tó ń darí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni adájọ́ káúńtì Bucks, nínú ìpínlẹ̀ kan náà, sọ òdìkejì rẹ̀. Tennessee ní tirẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin ní 2019 pé ẹni tó gba oyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ so yìgì, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù ìjọba àpapọ̀.

Mi ò ka gbogbo èyí kalẹ̀ láti fi dẹ́rù bà yín. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ ìpínlẹ̀, oyè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, akọ̀wé ń gba ìwé, kò sì sí wàhálà kankan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ ní òfin tó ń gba tọkọtaya là: ní California, àṣìṣe ẹni tí kì í ṣe ọkọ tàbí ìyàwó kò lè sọ ìgbéyàwó di asán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ìgbà tí àléébù yìí máa ń yọjú. Kò ní yọjú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Akọ̀wé yóò gba ìwé, yóò tẹ òǹtẹ̀ lé e, ọdún mẹ́wàá lè gorí ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ ara wọn sílẹ̀ tí dúkìá wà nílẹ̀ ni lọ́yà ẹnì kan yóò tú ìwé yẹn wò, tí yóò sì sọ pé ìgbéyàwó kankan kò fìgbà kan wà. Tàbí ọjọ́ tí ẹnì kan bá kú tí wọ́n ń wá ẹni tí ogún tọ́ sí. Tàbí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú (green card) ka iwájú ilé iṣẹ́ tó ń rí sí wíwọlé àwọn àjèjì: òfin ibi tí wọ́n ti so yìgì ni ilé iṣẹ́ náà máa fi wo bóyá ìgbéyàwó múlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìwé ìgbélùú já mọ́ fún ẹni tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ kò gba eré.

Ẹ pe ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì náà ní oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹni tó gba oyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè so yìgì níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn tàbí lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ ṣáájú, ìwé wo ni wọ́n fẹ́ rí, àti bóyá ẹ̀dà ti tó, àbí ògidì tí wọ́n fi bírò bu ọwọ́ lù ni. Ẹ béèrè iye ẹlẹ́rìí, iye ọjọ́ tí láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ dúró kó tó ṣiṣẹ́, ọjọ́ tó máa kú, àti iye ọjọ́ tí ẹ ní láti dá a padà. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, tàbí kí wọ́n sọ nọ́ńbà apá òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Akọ̀wé kì í ṣe lọ́yà, kò sì ní bá yín gbèjà ìgbéyàwó ní kóòtù. Ẹni tó gba ìwé wọlé lónìí kò sọ pé adájọ́ kò ní yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Bó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ tí kóòtù ti sọ̀rọ̀ sí i nìyẹn, ẹ san owó wákàtí kan fún lọ́yà ibẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí wọ́n rò pé ìwé oyè ló parí ọ̀rọ̀. Ní Ohio, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà ìpínlẹ̀ kí ẹ tó so ẹnikẹ́ni. Ní Nevada, akọ̀wé káúńtì ló ń fúnni ní àṣẹ, ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó kí ẹ tó kọ̀wé béèrè. Ní Hawaii, ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ ni. Ní Minnesota, ẹ ó gbé ìwé oyè yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ káúńtì. Bó bá jẹ́ inú ìlú New York gan-an lẹ ó ti ṣe é, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú ṣáájú. Virginia ń fẹ́ àṣẹ kóòtù. Ní California, Texas àti Florida, kò sí ìforúkọsílẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé oyè yín síbi tí ọwọ́ yín yóò ti tètè tó o bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.

Ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oyè àlùfáà nìkan lọ̀nà. Mo rò pé ibí yìí ló yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú yín kọ́kọ́ yà sí. Ní Massachusetts, gómìnà ń fún èèyàn lásán ní àṣẹ ọjọ́ kan láti so tọkọtaya kan ṣoṣo. 25 dólà ni. New York bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2023: ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè gba láísẹ́ńsì ọjọ́ kan lọ́wọ́ akọ̀wé ìlú ńlá tàbí ti ìlú kékeré níbẹ̀, 25 dólà ni òun náà. Ẹjọ́ tí kóòtù New York ti ń dá síwá sẹ́yìn lórí oyè orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1989 kò kan ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí. Ní Vermont, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí asoyìgì onígbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ káúńtì ní California ń fi èèyàn ṣe igbákejì kọmíṣọ́nnà ìgbéyàwó fún ọjọ́ kan. Ẹ ó lọ búra níbẹ̀, wọ́n sì ń gba owó fún un. Ní Florida àti South Carolina, nótárì, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé, lè so yìgì. Ní Colorado àti Washington, D.C., tọkọtaya lè bu ọwọ́ lu ìwé fúnra wọn láìsí asoyìgì rárá. Pennsylvania ní láísẹ́ńsì kan tó wá láti inú àṣà àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, èyí tí tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí méjì ń bu ọwọ́ lù, tí kò béèrè asoyìgì. Ní irú ibẹ̀, ẹ lè dúró níwájú èrò, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sọ, láìgba oyè kankan.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Kí tọkọtaya lọ sọ́dọ̀ adájọ́ tàbí akọ̀wé tó láṣẹ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n parí ti òfin láàárín ìṣẹ́jú 10, kí ẹ̀yin wá darí ayẹyẹ níwájú ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ní Tennessee, akọ̀wé káúńtì gan-an láṣẹ láti so yìgì. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, ọ̀nà yìí ni mo ní kí ẹ gbà, láìjà á rárá. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dúró níwájú adájọ́ ni ọjọ́ ìgbéyàwó wọn lábẹ́ òfin, ọjọ́ yẹn ni wọn yóò máa kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lu láísẹ́ńsì kankan lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Bí ẹ bá wá rí i pé oyè orí íntánẹ́ẹ̀tì ló bá ibẹ̀ mu, ẹ lè tẹ bọ́tìnnì nísinsìnyí. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ ìjọba yín ni kí ẹ kọ, lẹ́tà fún lẹ́tà. Orúkọ wa máa ń gùn, a sì máa ń gé e: ẹni tó ń jẹ́ Olúwaṣeun nínú páspọ́ọ̀tù tó kọ Ṣeun sórí ìwé oyè ti fún akọ̀wé ní ìdí láti dá a padà. Ẹ yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò bí páspọ́ọ̀tù kò bá ní i. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé oyè tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà pẹ̀lú lẹ́tà tó ń jẹ́rìí pé ẹ ṣì jẹ́ òjíṣẹ́ wọn. Oyè fúnra rẹ̀ kì í sábà gba owó, ìwé ni wọ́n ń tà. Ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń gba kó tó dé ilé, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó kí ẹ tó rà á. Ẹ má sì ra oyè dókítà, bíṣọ́ọ̀bù tàbí káàdì tí wọ́n ń gbé síwájú yín lẹ́yìn náà. Kò sí akọ̀wé tó ń béèrè wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ńkọ́? Mi ò ní fi ojú kékeré wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú yín dàgbà nínú ìjọ tí wọ́n ti ń gbé ọwọ́ lé àlùfáà lórí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ẹ̀kọ́, ara yín sì lè má gba kí a máa pè yín ní Rẹ́fẹ́ràndì nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí fóònù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ràn sí ara yín lẹ́nu, ẹ gba àṣẹ ọjọ́ kan tàbí ọ̀nà adájọ́. Ẹ ka ohun tí ìjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní kí ẹ gbà gbọ́ kí ẹ tó tẹ “mo gbà”. Àwọn kan kò béèrè ju pé kí ẹ ṣe ohun tó tọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ kà á. Bí ẹ bá ní ipò nínú ìjọ tiyín, ẹ sọ fún pásítọ̀ yín kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ bi tọkọtaya náà léèrè pẹ̀lú. Kátólíìkì tó bá ṣègbéyàwó níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ rẹ̀ kò ní ka ìgbéyàwó náà sí. Òfin ìlú lè gbà á, kí ìyá ìyàwó sì máa sunkún nílé.

Láísẹ́ńsì fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tọkọtaya ni láti gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ máa ka ọjọ́. Ní New York, wákàtí 24 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gbà á kí ẹ tó lè so wọ́n, ó sì ń kú lẹ́yìn ọjọ́ 60. Ní Texas, wákàtí 72 ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ dúró. Ní ìpínlẹ̀ Washington (kì í ṣe D.C.) àti Pennsylvania, ọjọ́ 3. California kò ní ọjọ́ ìdúró, ọjọ́ 90 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó máa ń bàjẹ́ ni ti tọkọtaya tó wọ bàálù dé ní ọjọ́ Ẹtì, tí ayẹyẹ wọn jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n wá rí i pé ọ́fíìsì ti pa tàbí pé ọjọ́ ìdúró kò tíì pé. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò láísẹ́ńsì náà ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á, kí ẹ ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí fúnra yín.

Ó wá ku ayẹyẹ. Ohun tí òfin béèrè kéré gan-an. Ní New York àti California, kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tó jẹ́ dandan. Kí àwọn méjèèjì sáà sọ níwájú yín àti ẹlẹ́rìí pé àwọn gba ara àwọn. Gbólóhùn yẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè, kí ó dáhùn sókè, kí ẹlẹ́rìí gbọ́, kí ẹ sì kéde wọn lẹ́yìn náà. Ewì, àbẹ́là títàn àti iyanrìn tí àwọn kan máa ń dà pọ̀ ni wọ́n lè yọ kúrò bí òjò bá ṣú.

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò, tó ń mí, tó ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kò ní ka ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ohun tí ẹ̀yin nìkan máa sọ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 1,200 lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pátá, títí dé “ẹ káàbọ̀”. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, ojú kan bébà, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ewé, kí ẹ fi sínú fáìlì líle tó ní àwọ̀ dúdú. Ẹ má kà á lórí fóònù: oòrùn yóò bo ojú rẹ̀, ìpè yóò wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì hàn ní ojú yín nínú gbogbo fọ́tò. Ẹ ka á sókè fún ẹnì kan nílé, kí ẹ fi aago wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya ka gbogbo rẹ̀ ṣáájú, àyàfi ìtàn kékeré kan tí ẹ bá fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu, èyí náà kò sì gbọ́dọ̀ kan olólùfẹ́ àtijọ́, gbèsè tàbí ọtí. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ kéde wọn: orúkọ ọkọ ni, àbí orúkọ àwọn méjèèjì, nítorí kì í ṣe gbogbo ìyàwó ló ń yí orúkọ padà. Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ara wọn àti ti òbí wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ ti mọ̀ bí ohùn orúkọ ṣe ń yí ìtumọ̀ padà. Ẹ ṣe ọ̀wọ̀ kan náà fún orúkọ ará ibòmíràn.

Nígbà tí wọ́n bá ń tún ẹ̀jẹ́ sọ lẹ́yìn yín, ẹ gé e ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kò lè di gbólóhùn gígùn mú, yóò rẹ́rìn-ín, yóò dákẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú yín. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀jẹ́ tiwọn, ẹ mú ẹ̀dà méjèèjì sínú fáìlì yín, nítorí èyí tó wà nínú àpò aṣọ ọkọ ìyàwó máa ń sọnù. Ẹ mọ ẹni tí òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pẹ̀lú ojú yín kí ẹ tó rìn síwájú.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń gbàgbé. Nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé, gbogbo èrò yóò dìde. Wọn kò ní jókòó títí ẹ ó fi sọ pé kí wọ́n jókòó. Ayẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbàlagbà dúró lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń wo ara wọn, ẹ̀yin sì wà nínú ojú ewé kejì. Ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ sórí ojú ewé àkọ́kọ́: “Ẹ jókòó.” Èkejì ni ìfẹnukonu. Bí ẹ bá dúró sí àárín wọn lẹ́yìn, orí yín ni yóò wà láàárín ojú méjèèjì nínú fọ́tò tí wọn yóò gbé kọ́ ara ògiri títí ayé. Ẹ sọ gbólóhùn ìkéde, kí ẹ gbé ìgbésẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tó ní kí wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu.

Bí máìkì bá wà, ẹ dán an wò níbi tí ẹ ó dúró sí gan-an. Èyí tí wọ́n ń fi mọ́ aṣọ kì í gbé ohùn tọkọtaya dáadáa bí ara yín nìkan ló bá wà. Ẹ ní kí wọ́n fi sára ọkọ ìyàwó, kí ẹ̀yin di tiyín lọ́wọ́. Ní ìta gbangba, ẹ rí i pé tìmùtìmù kékeré tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ayẹyẹ, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí jọ sídìí tábìlì kan tó gbẹ, tó tẹ́. Bírò dúdú, méjì. Ẹ kà láísẹ́ńsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àpótí ọjọ́, àpótí ìlú àti káúńtì, orúkọ yín, oyè yín, àdírẹ́sì yín. Bí wọ́n bá béèrè irú ìjọ tí ẹ jẹ́, ohun tó wà lórí ìwé oyè yín ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi ohun funfun pa àṣìkọ rẹ́, ẹ má sì fagi lé ohunkóhun: àwọn akọ̀wé, pàápàá ní California, máa ń dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà, wọn yóò sì ní kí tọkọtaya lọ san owó òmíràn. Bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ dá bírò dúró, kí ẹ pe káúńtì lọ́jọ́ Ajé. New York ń fẹ́ ẹlẹ́rìí kan, ìpínlẹ̀ Washington ń fẹ́ méjì, nítorí náà kí ẹ ti yan orúkọ wọn ṣáájú, kí ó jẹ́ ẹni tí kò ní tíì mu ọtí nígbà yẹn.

Ẹ ya fọ́tò ìwé náà níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú àpòòwé tí ẹ ti kọ àdírẹ́sì akọ̀wé tó fúnni ní láísẹ́ńsì náà sí láti ilé, kí ẹ sì fi sínú àpò ara yín. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ìyàwó, ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kó ẹ̀bùn. Tọkọtaya ń lọ sí ìrìn àjò, ìwé ń kú sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ní òfin, ojúṣe yín ni ìdápadà yìí: ọjọ́ 5 ní New York, ọjọ́ 10 ní California, Florida àti Pennsylvania, ọjọ́ 30 ní Texas àti ìpínlẹ̀ Washington. Ẹ gbé e fúnra yín lọ bí ọ́fíìsì bá súnmọ́; bí kò bá súnmọ́, ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fi lè tọpa rẹ̀.

Ìwé aláràbarà tí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ níwájú èrò kò wúlò ní ọ́fíìsì kankan. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n béèrè ẹ̀dà tí káúńtì fọwọ́ sí, mẹ́ta ó kéré tán, fún Social Security (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní nọ́ńbà ìdánimọ̀), fún páspọ́ọ̀tù, àti fún ìwé ìgbélùú bí ọ̀rọ̀ bá kan ìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ pe akọ̀wé, ẹ dárúkọ tọkọtaya àti ọjọ́ náà, kí ẹ bi í bóyá ó ti wọ ìwé. Bó bá ní kò tíì rí i, nọ́ńbà ìtọpa àti fọ́tò wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ ṣì lè wà láti tún un ṣe. Bó bá ní ó ti wọlé, ẹ kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ìwé oyè yín, kí ẹ sì pe ọ̀rẹ́ yín láti sọ fún un.

Ẹ kú ìmúra o.